Káàdì Tí Mo Bá Àǹtí Mi Yàn

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kejì

Àǹtí mi ti rí iṣẹ́ náà gbà. Bí wọ́n ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni wọ́n jó yí tábìlì ká, wọ́n sì gbá mi lẹ́yìn bíi pé èmi ni mo bá wọn gbà á. Ogún ẹ̀kọ́ ìṣirò ni, fún ilé-ìwé àwọn adití. Olùkọ́ àgbà ibẹ̀ á fi èdè ọwọ́ ṣàlàyé níwájú kámẹ́rà, Àǹtí á gé fídíò náà, wọ́n á fi àwòrán pátákó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a ó sì máa fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ilé-ìwé kéékèèké tí kò ní olùkọ́ kankan tó gbọ́ èdè ọwọ́. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù tó ń bọ̀ ni ìdánwò àwọn ọmọ náà.

"Kọ̀ǹpútà mi yìí ò lè gbé e," Àǹtí ló sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ijó tán lẹ́sẹ̀ wọn. "Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ló fi ń sè é, bẹ́ẹ̀ bó bá ń sè, mi ò lè fi ṣe nǹkan kan mọ́."

Sísè ni wọ́n ń pe ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ń kó gbogbo ohun tí wọ́n gé pọ̀ di fídíò kan. Bó bá parí, wọ́n á ní ó ti jinná.

"Káàdì àwòrán ló kù tí a máa fi sí i, kó lè máa yára. Ọ̀jọ̀gbọ́n, ìwọ lo máa bá mi yàn án."

Èmi ni Ọ̀jọ̀gbọ́n. Oṣù mẹ́rin péré ni mo tíì lò ní yunifásítì. Ọ̀rọ̀ náà, kọ̀ǹpútà, wà nínú orúkọ ẹ̀kọ́ mi, ìyẹn sì ti tó fún gbogbo ará ilé wa. N ò tíì ṣí ikùn kọ̀ǹpútà kankan rí láyé mi. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Kò sí wàhálà, Àǹtí."

Ta ló rán mi níṣẹ́?

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kejì

Mo yà ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Wáyà, tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn kíláàsì. Káàdì méjì ni wọ́n ní tí agbára wa ká. Ọ̀kan jẹ́ àlòkù, ó gùn bí apá ọmọdé, ó ní fáànù méjì, mẹ́mọ́rì rẹ̀ sì jẹ́ gígábáìtì mẹ́jọ. Èkejì jẹ́ tuntun nínú páálí, ó kéré, fáànù kan, mẹ́mọ́rì mẹ́rin. Iye owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Bí ọ̀kan bá wọ́n, ènìyàn á kàn ra èyí tí owó rẹ̀ kéré.

Mo ti sọ wọ́n lórúkọ: Àgbà àti Ìkókó.

"Ṣé géèmù lo fẹ́ máa gbá?" Bàbá Wáyà bi mí.

"Rárá sà. Fídíò ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ máa ṣe."

"Kò séwu níbẹ̀. Èyí tó bá gbé géèmù á gbé fídíò. Ẹni tó lè gbé odó, ṣé ọmọ odó ló máa wá wúwo fún un?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ sínú fóònù mi bíi pé ara iṣẹ́ ìwádìí ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kejì

Ẹ̀kọ́ kìíní jinná ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Olùkọ́ àgbà ní wọ́n kọ nọ́ńbà kan ṣì lórí pátákó. Ó di kí á tún un sè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kejì

Mo ti ya àtẹ sínú ìwé àjákọ mi, Àgbà lápá òsì, Ìkókó lápá ọ̀tún. Ìyára: Ìkókó. Mẹ́mọ́rì: Àgbà. Iná tó ń jẹ: Ìkókó ló dáa jù. Ariwo fáànù: n ò mọ̀. Ọjọ́ orí: Ìkókó. Bó ṣe ń ṣe nínú géèmù: Ìkókó ló borí nínú èyí tó pọ̀ jù, Àgbà borí níbi tí géèmù náà bá tóbi.

Gbogbo àyẹ̀wò tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, géèmù, géèmù, géèmù. Férémù ni wọ́n ń kà, ìyẹn iye àwòrán tí káàdì lè gbé jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Wọ́n ń tìtorí férémù márùn-ún bú ara wọn tìyá-tìyá. Ẹnìkan ní ẹni tó bá ra Ìkókó, wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni. Ẹlòmíràn fèsì pé Àgbà ti ṣiṣẹ́ ẹrú níbi tó ti ń bọ̀, pé kò ní pẹ́ kú. Bí mo bá ka ti ẹni àkọ́kọ́ tán, mo gbà á gbọ́. Bí mo bá ka ti ẹnìkejì tán, mo gba òun náà gbọ́. Irú ènìyàn wo ni mí?

Mo bi olùkọ́ wa léèrè lẹ́yìn kíláàsì. Wọ́n ní ọdún kẹta la máa dé ibẹ̀.

Ẹni tó ń jókòó tì mí, tí a ń pè ní Mọ̀ọ́tán, dá sí i. Ó ní, "Tuntun ni tuntun ń jẹ́. Ṣé wàá wọ bàtà tí ẹlòmíràn ti fi rìn?"

"Bàtà ẹ̀gbọ́n mi ni mo wọ̀ yìí."

Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó sì yíjú padà sí pátákó.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kejì

Ooru mú gan-an. Mo tú ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà Àǹtí lónìí, eruku inú rẹ̀ tó ìrọ̀rí. Wọ́n fi iná fóònù mọ́lẹ̀ fún mi, wọn ò sì sọ̀rọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá jókòó ti dókítà. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sára àpótí tó ń pín iná nínú rẹ̀. Agbára rẹ̀ kéré, kò sì ní wáyà iná ọ̀tọ̀ tí Àgbà máa ń lò. Bí a bá ra Àgbà, a gbọ́dọ̀ ra àpótí iná mìíràn mọ́ ọn, èyí sì kọjá wa. Ìkókó ò nílò wáyà kankan.

Ọ̀rọ̀ ti yanjú ara rẹ̀! Inú mi dùn bíi ti ẹni tí òjò yọ nínú ìpàdé.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kejì

Màámi pè.

"Ṣé o ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ yan nǹkan yẹn?"

"Mo ti yàn án, Màámi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa sọ fún ènìyàn pé mo mọ̀ ọ́n."

"Tí ìwọ ò bá mọ̀ ọ́n, ta ló mọ̀ ọ́n? Ṣé èmi?"



Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Kejì

A ti ra Ìkókó. Mo tì í sí àyè rẹ̀. Ó dún kọ́ọ̀! Mo rò pé mo ti ṣẹ́ nǹkan, àṣé bó ṣe máa ń wọlé nìyẹn. A tan kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Àǹtí ṣí ẹ̀kọ́ kẹta tí wọ́n ń gé lọ́wọ́. Tẹ́lẹ̀, bí olùkọ́ àti pátákó bá jọ wà lójú kan náà, ńṣe ló máa ń há bí ẹran há séyín. Lónìí ó ń ṣàn bí òróró.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n!" Àǹtí pariwo. "Ọ̀jọ̀gbọ́n ilé wa!"

Káfíńtà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa yọjú ní fèrèsé. "Ṣé kò sí o?"

"Kò sí o! Àbúrò mi ló ní orí bí ẹni mẹ́fà!"

Mo rora kọ èyí sílẹ̀ kí n lè máa padà wá kà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kejì

A gbé ẹ̀kọ́ kẹta kaná kí n tó lọ sí kíláàsì. Mo dé ní ìrọ̀lẹ́, kò tíì jinná, bíi ti àtẹ̀yìnwá.

"Bóyá káàdì yìí ò tíì mọ ilé," Àǹtí wí.

Mo ní bóyá.

Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kejì

Mo ti mọ̀ ọ́n. Ní ilé ìkàwé ni mo ti rí i, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ èébú tí àwọn ènìyàn ń bú ara wọn. Ẹnìkan béèrè bóyá Ìkókó dára fún ẹni tó ń ṣe fídíò. Èsì kan ṣoṣo ló rí gbà: káàdì yìí lè ṣí fídíò, ó lè fi í hàn, ṣùgbọ́n ẹ̀yà tó máa ń kọ fídíò jáde, wọn ò fi sí i rárá. Wọ́n yọ ọ́ kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀. Iṣẹ́ sísè yẹn, kọ̀ǹpútà arúgbó wa náà ló ṣì ń dá a ṣe.

Àgbà ní in. Pẹ̀lú eruku, pẹ̀lú àlòkù rẹ̀, ó ní in.

Mo tún àtẹ mi wò láti òkè délẹ̀. Gbogbo ohun tí mo kọ síbẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Ohun tó wà nínú káàdì ni mo fi wé ohun tó wà nínú káàdì. Ta ló máa tẹ ohun tí kò sí sára páálí? Kò sì sí ẹni tó ń gbá géèmù tó máa wá a. Èmi nìkan ló yẹ kí n béèrè, n kò sì mọ̀ pé nǹkan bẹ́ẹ̀ wà láyé tí ènìyàn lè béèrè.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kejì

Mo fi kíláàsì méjì sílẹ̀, mo gbé Ìkókó padà sínú páálí rẹ̀, mo lọ bá Bàbá Wáyà.

"Ṣé ó tan?" wọ́n bi mí.

"Ó tan sà."

"Ṣé ó gbé àwòrán?"

"Ó gbé e dáadáa sà. Kò kàn lè kọ fídíò ni."

"Ó tan, ó gbé àwòrán. Ọmọ mi, irú ẹ̀sùn wo lo wá fi kàn án gan-an?"

Mo ní, "Sà, ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹni tó bá gbé odó…"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Odó ńkọ́? Kò gbé e ni?"

Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n fún mi ní àga, wọ́n sì bu omi tútù fún mi. Ṣùgbọ́n ọjà tí a ti tú kì í padà sórí pẹpẹ, wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà. Mo béèrè bóyá mo lè fi ṣe pàṣípààrọ̀ Àgbà, bí ẹni pé n kò rántí ọ̀rọ̀ àpótí iná mọ́. Ẹnìkan ti ra Àgbà láti ọjọ́ Ajé. Ojú ibi tó wà lórí pẹpẹ ṣì mọ́, eruku yí i ká.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kejì

Mo sọ fún Àǹtí. Wọ́n ń gé ẹ̀kọ́ karùn-ún lọ́wọ́, wọn ò sì dáwọ́ dúró.

"Kò burú," wọ́n ní.

"Àǹtí, ó burú."

"Mo ní kò burú. Ìgbà wo la máa gbé ẹ̀kọ́ kẹrin kaná?"

"Ẹ bú mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Tó bá jẹ́ pé èébú ń se fídíò, mi ò bá ti bú ẹ láti àárọ̀." Wọ́n tẹ nǹkan lórí kíbọ́ọ̀dù, wọ́n wá pè mí ní orúkọ tí àwọn òbí wa sọ mí, orúkọ gidi, èyí tí wọn kì í pè. "Lọ jẹun."

Ọjọ́rú, 25 Oṣù Kejì

Yàrá kọ̀ǹpútà ẹ̀ka wa kún fún ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kì í lò ní ọ̀sán. Mo lọ bẹ ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ.

"Ọdún kelòó lo wà?"

"Ọdún kìíní sà."

"Ọdún kejì ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ibí."

"Sà, fún àwọn ọmọ adití ni. Wọ́n fẹ́ ṣe ìdánwò."

Wọ́n wò mí pẹ̀lú àánú, ìyẹn sì burú ju kí wọ́n lé mi lọ. "Tí mo bá ṣílẹ̀kùn fún ẹ, kí ni màá sọ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ? Gba ìwé lọ́wọ́ olórí ẹ̀ka."

Olórí ẹ̀ka rin ìrìn-àjò. Ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹta

Mo rò ó títí, mo rí ọgbọ́n kan. Bí a bá dín férémù kù sí ìdajì, àwòrán tí kọ̀ǹpútà máa kọ á dín kù, á sì yára jinná. Mo fi ẹ̀kọ́ kékeré kan dán an wò. Ó yára lóòótọ́! Mo wo fídíò náà, mo rí ọwọ́, mo rí pátákó. Àǹtí náà wò ó, wọ́n ní ó jọ pé ó ń já díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àkókò. A ti se mẹ́ta báyìí, a sì ti fi wọ́n ránṣẹ́.

Bóyá n kò tiẹ̀ ya òmùgọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kẹta

Olùkọ́ àgbà kọ̀wé wá lórí fóònù Àǹtí: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Jọ̀wọ́, kí ló ṣe ọwọ́ mi? Ó ń kólòlò. Àwọn ọmọ ń bi mí pé kí ni mò ń sọ."

Àǹtí kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. Mo lọ tún fídíò náà wò. Òótọ́ ni. Níbi tí ìka ti ń kúrò ní ọ̀rọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, àwòrán àárín méjèèjì ti sọnù. Ọwọ́ á wà lókè, lójijì á wà nísàlẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́rọ̀ létí bíi tèmi ò ní mọ̀. Ojú làwọn ọmọ yẹn fi ń gbọ́rọ̀.

Férémù tí àwọn onígéèmù tìtorí rẹ̀ ń bú ara wọn, tí mo ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín nìyẹn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di àtúnsè.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kẹta

Màámi pè. Mo jẹ́ kó dún títí ó fi dákẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kẹta

Òjò ò rọ̀, ooru ò dín. Kọ̀ǹpútà gbóná títí ó fi kú fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ kẹtàlá kù díẹ̀ kó jinná. Ó di kí á tún un sè láti ìbẹ̀rẹ̀. A gbé fáànù yàrá wá, a kọjú rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà.

"Òun ni àlejò," Àǹtí wí, wọ́n ń fi ìdí aṣọ nu ọrùn. "Àwa ọmọ ilé, ẹ jẹ́ ká máa làágùn."

Ẹ̀rín pa mí, mo wá rí i pé ẹkún ló fẹ́ jáde. Mo sáré bọ́ síta.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kẹta

Gbogbo wọn ò ní lè jinná kó tó di ọjọ́ Ajé. Kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣe é. Mẹ́rìndínlógún ni ọwọ́ máa tẹ̀. A ti mọ mẹ́ta nínú mẹ́rin tí a máa fi sílẹ̀, nítorí olùkọ́ àgbà ní àwọn ọmọ ti rí irú wọn lọ́dún tó kọjá. Ó ku ọ̀kan.

"Ìdá tàbí ìwọ̀n," Àǹtí wí. "Èwo ká fi sílẹ̀? Ìdá ló gùn jù. Ìdajì, ìdá mẹ́ta, ìdá mẹ́rin, ó ń lọ rẹrẹẹrẹ."

Ojú wọn wà lára mi. N kò mọ̀ bóyá wọ́n ń bi mí ni tàbí wọ́n ń bi ara wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ má ní kí n yan nǹkan kan mọ́."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ìdá ni ká fi sílẹ̀."

Ọjọ́ Àìkú, 22 Oṣù Kẹta

Ìkẹrìndínlógún ti lọ. Àǹtí sùn sórí àga pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n jí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹ̀kọ́ ìdá. Mo ní ọ̀la ni ìdánwò. Wọ́n ní àwọn mọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 23 Oṣù Kẹta

Wọ́n ti ṣe é. N kò gbọ́ ohunkóhun ní kíláàsì láti àárọ̀. Nígbà tí mo délé, mo bẹ Àǹtí kí wọ́n bá mi bi olùkọ́ àgbà léèrè bóyá ìdá jáde.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni."

Èsì dé kí a tó jẹun tán: "Ó jáde. Ìbéèrè mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ wọn fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ ní funfun. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ìwọ̀n dáadáa, Ọlọ́run á san án fún yín."

Àǹtí da fóònù dé lórí tábìlì. Wọ́n bu ẹran tó wà nínú àwo wọn sí tèmi. N kò lè jẹ ẹ́, n kò sì lè dá a padà.

Ọjọ́rú, 25 Oṣù Kẹta

Òjò rọ̀ lónìí, èyí àkọ́kọ́. Yàrá tutù, fáànù dúró sí igun rẹ̀ láìṣe nǹkan kan.

Ẹ̀kọ́ ìdá jinná lẹ́yìn tí òjò dá. Férémù rẹ̀ pé, kò sí ẹyọ kan tó sọnù. Àǹtí fa àga kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, a sì jọ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìsí ohùn kankan. Olùkọ́ àgbà mú abala ìwé kan, ó pín in sí méjì, ó pín in sí mẹ́rin, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ geere láti ọ̀rọ̀ kan sí òmíràn. Ìkókó ń fi gbogbo rẹ̀ hàn wá kedere, kò há níbì kankan. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn, kí ó fi hàn. Ó mọ̀ ọ́n dénú.

"Fi ránṣẹ́," Àǹtí wí.

"Àǹtí, wọ́n ti ṣe ìdánwò tán."

"Àwọn kan á tún ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo ní kí o fi ránṣẹ́."

Mo fi í ránṣẹ́. Nígbà tó ń lọ, Àǹtí dá fídíò náà padà sí ibi tí olùkọ́ ti ń ṣàlàyé ìdajì. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ń ṣe é bí olùkọ́ ṣe ń ṣe é, ìka kan lókè, wọ́n fà á wálẹ̀, ìka méjì nísàlẹ̀. Wọ́n wò mí pé kí n ṣe tèmi.

Mo gbé ọwọ́ sókè. Tèmi kólòlò.